Àtíbàbà Tí Ń Ká ní Àsìkò Ìrun

Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín ní àdúgbò Zongo lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan jókòó lábẹ́ àtíbàbà ọkọ̀ Fàòsíyà, àwo àtàsì, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹun jẹ́jẹ́. Àfi bí àtíbàbà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ká. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ń kùn hùn-ùn, ó ń wọlé lọ díẹ̀díẹ̀, títí oòrùn fi dà sórí àwo ọkùnrin náà bí ìgbà téèyàn da omi. Àwọn tó kù níbẹ̀ sáré dìde. Òun kò dìde. Ó gbójú sókè, ìrẹsì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọdé tó rí ẹyẹ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Bí Fàòsíyà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló dúró sí, ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ sún sábẹ́ igi máńgòrò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ta ló ń ká a?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Lójoojúmọ́?"

"Nígbà Àílà àti nígbà Àlàásárì. Ó mọ àsìkò ìrun ju àwọn oníbàárà mi kan lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo sílẹ̀. "Tàńtí, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Èmi kọ́ ni tàńtí yín. Ẹ jù mí lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹun tán, oòrùn ti ń bá yín jẹ ẹ́."

Ọmọ ọmọ mi ni Fàòsíyà. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni mo máa ń tẹ́ ẹní mi sí, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń sọ yìí, ojú mi ló rí i. Èyí tí n kò rí, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi nígbẹ̀yìn, tí ọ̀kan ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èkejì.

Kánpínkáà ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ yẹn. Ilé ló wà nínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ibi ìwẹ̀ náà wà. Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà á gba inú aṣálẹ̀ dé Parakou. Ìrìn náà sú wọn níbí, wọ́n tà á fún ọmọ mi, Alájì Tìjáànì, wọ́n bá ọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Alájì rà á fún ìyàwó rẹ̀, Mọ́nsúrátù, tó ti ń ta àtàsì nínú oòrùn látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Àtíbàbà yẹn ni Mọ́nsúrátù fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ náà. Bọ́tìnnì kan wà nínú ilé ọkọ̀. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò kékeré kan á na aṣọ ńlá jáde lára ọkọ̀, irin gígùn kan ló sì di etí aṣọ náà mú níwájú. Bó o bá tún un tẹ̀, á ká wọlé.

Mọ́nsúrátù kò pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àìsàn mú un lọ. Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù rẹ̀, Alájì ra kẹ́tùlù oníke lóríṣiríṣi àwọ̀, ó fi ìwọ̀ kọ́ wọn sára irin iwájú yẹn, kí ẹni tó fẹ́ kírun lè rí omi ṣe àlùwàlá. Mọ́ṣáláṣí kò ju kéèyàn sọdá títì lọ. Sàráà ni, fún ìyàwó rẹ̀. Fàòsíyà jókòó sídìí òwò ìyá rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó dáná rárá, omi kẹ́tùlù wọ̀nyẹn ló máa ń kọ́kọ́ pọn.

Ọdún yẹn náà ni àtíbàbà bẹ̀rẹ̀ sí ká fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní àlùjànnú ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní Mọ́nsúrátù ló ń lé àwọn tó ń jẹun lọ sídìí ìrun. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Alájì kò rẹ́rìn-ín.

"N kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Zongo," ó sọ fún Fàòsíyà. "Bí nǹkan yìí kò bá jáwọ́ kí oṣù tó tán, màá ta ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ní Malanville ti ń bèèrè rẹ̀. Ìwọ náà á lọ bá àbúrò mi Hùdá níbẹ̀, wàá máa bá a ta aṣọ."

Fàòsíyà kò fẹ́ lọ sí Malanville. Ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí ló fẹ́ máa jókòó sí.

Zàkárí ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, àdúgbò Titirou ló ń gbé, iná ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tún ṣe. Ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wo bátìrì, bátìrì dára. Ó yọ fíúsì, kò jó. Ó tú bọ́tìnnì wò bóyá eruku ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́, inú rẹ̀ mọ́. Ó ní irú àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí àtíbàbà wà ní nínà bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ló bá ta ẹ́ńjìnnì jí. Àtíbàbà kò ṣe nǹkan kan. Ó di irin iwájú mú, ó mì ín jìgìjìgì. Láìpẹ́, àtíbàbà ká wọlé.

"Wò ó, ìyẹn náà dára," ó sọ fún Fàòsíyà. "Nǹkan kan wà nínú irin yìí tí kò tóbi ju ṣúgà onígun lọ. Bí ìjì bá ti ń mi irin, òun ló máa ń sọ fún mọ́tò pé kó tètè ká aṣọ kó má baà ya."

"Ó gbọ́n o."

"Kò gbọ́n. Ó kàn ń bẹ̀rù ni."

Ó nà án, ó ká a, ó tún nà án. Àtíbàbà ń gbọ́ràn. Zàkárí ní iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ládàánì pe ìrun Àílà, òun náà mú kẹ́tùlù kan, ó bá àwọn yòókù lọ kírun. Nígbà tó fi máa dé, àtíbàbà ti ká.

"Iṣẹ́ ti parí lóòótọ́," Fàòsíyà ní.

"Má fi mí ṣẹ̀sín."

"N kò fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Aṣọ ni mò ń wá tí n kò rí."

Bó ṣe di ẹni tó ń wá láràárọ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti tú èyí, á tún tú tọ̀hún. Bí kò bá sí nǹkan tó kù láti tú, á jókòó, á máa bèèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí wàgáṣì, wàrà Fúlàní tí Fàòsíyà ń dín, ń pupa? Fàòsíyà fi ewé ọkà bàbà tó fi ń sè é hàn án. Kí ló dé tí kì í yọ́ nínú òróró bí wàrà òyìnbó? Ìyẹn kò yé Fàòsíyà, àwọn méjèèjì bá jọ dúró ti agbada, wọ́n ń wò ó. Fàòsíyà náà ń bèèrè tirẹ̀: báwo ni iná ṣe ń mọ ọ̀nà nínú wáyà tó dúdú bẹ́ẹ̀? Èmi dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo dijú, etí mi là sílẹ̀. Mo ti gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń yin obìnrin láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àwọn tí ìbéèrè ń dùn mọ́ báyìí.

Ní ọjọ́ kan iná bátìrì kú, àtíbàbà kọ̀, kò wọlé, kò jáde. Ó yẹ kí ọ̀pá kan wà tí wọ́n fi ń fọwọ́ yí i, àwọn òyìnbó ti sọ tiwọn nù sínú yanrìn. Zàkárí rọ tuntun fúnra rẹ̀, ọ̀pá irin gígùn tó tẹ̀ lórí, ó fi í ká a wọlé. Lẹ́yìn náà ló so ó mọ́ ara alùpùpù rẹ̀.

"Fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀ fún mi," Fàòsíyà ní.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni wàá tún máa pè mí fún?"

"Ta ló ń pè ẹ́? Àtíbàbà ló ń pè ẹ́."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àtíbàbà."

Ọ̀pá yẹn ló kó bá a. Alájì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Àtíbàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ó wá rí ọ̀pá lára alùpùpù.

"Kí lèyí?"

"Òun la fi ń ká a lọ́wọ́, Alájì, bí iná bá kọ̀."

"Ìwọ lò ń ká a."

"Ìrun ni mo lọ kí, sà. Ẹ̀yìn yín gan-an ni mo tò sí ní sáàfù, lórí ìlà ìrun."

"Láti ìgbà tó o ti ń wá, iṣẹ́ kò parí. Ṣé iṣẹ́ lò ń wá síbí ni, àbí ọmọ mi?"

Ọlọ́gbọ́n ọmọ ì bá parọ́. Zàkárí wolẹ̀. "Méjèèjì, Alájì."

"Gbé ọ̀pá rẹ. N kò gbọdọ̀ rí ẹ níbí mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkùnrin Malanville ń bọ̀ wá wo ọkọ̀."

Fàòsíyà kò gbójú sókè kúrò nínú ìkòkò títí alùpùpù fi lọ. Ohun tó ń rò, ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá: ọ̀pá wà lọ́wọ́ Zàkárí lóòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń tan òun ńkọ́? Kò lè sùn, kò lè jẹun dáadáa. Ó ní kí òun ṣáà mọ̀, bó bá tiẹ̀ máa dun òun.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí obìnrin kì í kírun. Ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ yẹn fún Fàòsíyà. Bí ládàánì ti pe Àílà, gbogbo Zongo kọjú sí mọ́ṣáláṣí, òun wá jókòó tì mí lórí ẹní, ó tẹjú mọ́ àtíbàbà. Àwọn ọkùnrin ń sáré bọ̀ kí sáàfù má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan fa kẹ́tùlù yọ lọ́tùn-ún, òmíràn fa tirẹ̀ yọ lósì, alárù taya kan já méjì pọ̀. Irin ń jó.

"Ìyá àgbà, ṣé atẹ́gùn ń fẹ́?"

"Atẹ́gùn wo? Wo ewé máńgòrò lókè, ó dúró ṣinṣin."

Kẹ́tùlù tó gbẹ̀yìn kúrò lórí ìwọ̀. Àwọn ọkùnrin ti kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń sọdá títì. Hùn-ùn. Àtíbàbà ń wọlé lọ.

Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúró kí ìrun tán kó tó pe Zàkárí lórí fóònù.

"Nǹkan kékeré inú irin yẹn," ó ní, "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Mo sọ fún ẹ."

"Àwa la ń mì ín. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ wo lo fi ń já kẹ́tùlù rẹ?"

Zàkárí bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rántí. Sàráà ni kẹ́tùlù. Ta ló máa bá Alájì sọ pé ohun tó ṣe fún òkú ìyàwó rẹ̀ ló ń da ọjà ọmọ rẹ̀ rú?

"Mo lè pa nǹkan kékeré yẹn," Zàkárí ní.

"Kí ìjì wá ya aṣọ Màámi? Rárá."

"Jẹ́ kí n ronú."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Zàkárí dé tòun ti irin kan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kò lọ bá Alájì. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, ó kúnlẹ̀ sétí ẹní. "Ìyá àgbà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jókòó díẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n ní kí n lọ, màá lọ."

Mo pe ọmọ mi. "Tìjáànì, jókòó." Ó jókòó. Alájì ni lójú gbogbo Zongo, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i.

Zàkárí kò rojọ́ kankan. Ó ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kẹ́tùlù kan bí ẹni tí sáàfù fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́." Òun náà já ọ̀kan. Fàòsíyà já ọ̀kan. Èmi pàápàá dìde, mo já aláwọ̀ ewé. Irin jó. A dúró. Hùn-ùn.

Alájì dúró nínú oòrùn, kẹ́tùlù ń kán omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó wo kẹ́tùlù ọwọ́ rẹ̀, ó wo irin.

"Sàráà mi ni?"

"Bàbá," Fàòsíyà ní, "Màámi lẹ ra àtíbàbà fún. Màámi náà lẹ kọ́ kẹ́tùlù fún. Wọ́n kàn ń fẹ́ ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

Zàkárí gbé irin inú kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àgbékọ́ kẹ́tùlù ni, ó ní ẹsẹ̀ tó dúró lórí ilẹ̀, ó ní ìwọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tó sún mọ́ mọ́ṣáláṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alájì wò ó. Ó ní "Bísímílà," ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kẹ́tùlù kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Ìrun Jímọ̀ dé, ìrun Jímọ̀ lọ. Àtíbàbà wà ní nínà. Alájì ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí Mọ́nsúrátù ti kú. Ó bèèrè àtàsì, ó ní kí wọ́n fi wàgáṣì sí i. Ó pe ọkùnrin Malanville pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọkọ̀ kò ṣeé tà mọ́. Ó wá kọjú sí Zàkárí.

"Iṣẹ́ ti parí. Kí lo ṣì ń dúró ṣe?"

"Ìkejì ohun tí mo wá ṣe ló kù, Alájì."

Alájì fi oúnjẹ di ẹnu kí a má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ pe àwọn èèyàn rẹ ní Ṣábẹ̀."

Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni wọ́n ti so yìgì. Nígbà tí lèmọ́mù bèèrè ohun tí ìyàwó fẹ́ gbà ní sàdákì, gbogbo èèyàn ń retí wúrà tàbí Kùránì.

"Ọ̀pá irin ara alùpùpù rẹ̀ ni mo fẹ́," Fàòsíyà ní.

Lèmọ́mù bèèrè lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Zàkárí ti dìde ní tirẹ̀. Ó lọ tú ọ̀pá náà, ó fi aṣọ funfun nù ún, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Èmi ńkọ́ báyìí?" ó bi í wúyẹ́wúyẹ́. "Kí ni màá tún máa fi bojú wá?"

Fàòsíyà gbé ọ̀pá náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

"O kò ní bojú wá mọ́," ó ní. "Wàá kàn máa bọ̀ wálé ni."