Àpò Atẹ́gùn Tí Kò Tíì Gbẹ

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, akoto awabàálù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fìbínú wo ọmọbìnrin rẹ̀. Nínú báàfù ni àpò atẹ́gùn rì sí, ọṣẹ bò ó mọ́lẹ̀. Aṣọ gígùn ni, orí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí bàálù ti ń gbéra ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, á nà gbọọrọ síbi tí atẹ́gùn ń lọ. Bí kò bá sí atẹ́gùn, á rọ̀ jọwọlọ.

"Ó dọ̀tí, Mọ́mì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá ya fọ́tò."

"Fọ́tò! Ṣé fọ́tò ló ń wa bàálù ni? Má gbé e kọ́ títí yóò fi gbẹ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí nìkan ló fi gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń da oògùn kòkòrò tó fẹ́ lọ fọ́n sí oko sínú bàálù lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Dákẹ́ wo òpó lókè wo ó nílẹ̀.

"Pápá bàálù rèé? Òpó yìí mà jọ èyí tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọbìnrin náà. Ó fún àpò náà, omi ṣì ń kán tó-tó-tó, ó fà á gòkè.

Ìyá wọ inú bàálù. Ó wo òpó: àpò rọ̀ jọwọlọ. Ó nawọ́ sí i, ó sì na àtàǹpàkò sókè sí ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń béèrè pé, "Ṣé ó ti gbẹ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Eruku ń sá gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, síbi tí imú bàálù kọjú sí gan-an. Ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ti ń bọ̀; omi tó wà lára àpò ni kò jẹ́ kó nà. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ tipẹ́ pé bàálù tó rù kì í tètè gbéra bí kò bá kọjú sí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n fóònù Ẹnu-Ò-Dákẹ́ dojú kọ ọ́. Ó na àtàǹpàkò sókè.

Bàálù sá títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọgbà wáyà sún mọ́, Ìyá fa irin tí wọ́n fi ń da ẹrù nù, gbogbo oògùn tú sílẹ̀ wàà. Bàálù fò díẹ̀, táyà kọ́ wáyà, ó sì forí sọ oko àgbàdo.

Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀, Ìyá ti wọ́ ara rẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ kan ti kán.

"Ó ti gbẹ! Ó ti gbẹ kẹ̀! Oògùn tí mo ń pò láti àárọ̀, koríko ló mu ún. Bàálù rèé, ó di ìdì irin. Nítorí fọ́tò!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì. Mo rí eruku tó ń lọ. Ojú ló ń tì mí."

"O rí i?" Ìyá mí kanlẹ̀. "Ká ní o ò rí i ni, ǹ bá pè é ní àìmọ̀kan."

Ẹnu-Ò-Dákẹ́ rọra fi fóònù rẹ̀ pamọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti ọmọ yìí, tara ìyá rẹ̀ ló kù díẹ̀ kó bá a dákẹ́. Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀; ẹni tó bá rí ewu, kó pariwo, bí ojú tilẹ̀ ń tì í.

Títí ẹsẹ̀ fi san, ọmọ náà ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún Ìyá. Lójoojúmọ́ ni Ìyá sì ń bi í pé, "Ṣé ó gbóná, àbí àtàǹpàkò lo tún fẹ́ nà sí mi?"

"Kò tíì gbóná, mà," ni yóò dáhùn, ketekete, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jókòó síbẹ̀.