Àmùrè Tí Kò Fẹ́ Orogún

Láyé ìgbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti kó lọ sójú òfuurufú, wọ́n tẹ ìlú kan dó síbẹ̀, wọ́n pè é ní Òkòtó, nítorí pé ṣe ló ń yí lójú kan kí ẹsẹ̀ aráàlú lè dúró nílẹ̀. Ẹ̀rọ ní í gbé nǹkan níbẹ̀, ẹ̀rọ ní í rù ú, èèyàn kàn ń jókòó ni. Ìjókòó yìí ló sọ ẹ̀yìn ríro di àìsàn gbogbo ilé.

Mojírádé ló ṣe Àmùrè. Bẹ́líìtì lásán ni lójú, àmọ́ bẹ́líìtì tó lóye ni. Tí èèyàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Àmùrè á ti mọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, á fún ìbàdí mọ́ra, á gbé ọ̀pá ẹ̀yìn dúró. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ dè é ni ìrora á pòórá. Kò sí ibi tí wọn kò ti yin Mojírádé, àfi àgbàlá Bàbá Láyíwọlá.

Bàbá yìí ni olùkọ́ rẹ̀ nígbà kan, dókítà eegun tó ti fẹ̀yìn tì. Á ní kí àwọn tí ẹ̀yìn ń ro dùbúlẹ̀ gbalaja, kí wọ́n ká orúnkún, kí wọ́n rọra fa ìdodo wọlé láì séèémí. Tó bá yá, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tẹlẹ̀, wọ́n á wá na ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ti gbó nínú ẹ̀ á dúró lórí ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tí ikùn ẹ̀ kọ̀ tí kò kan ilẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kì í yá.

"Mojírádé," Bàbá sọ fún un lọ́jọ́ kan, "Ọlọ́run ti de àmùrè mọ́ wa níkùn kí wọ́n tó bí wa. Iṣan ikùn ni àmùrè ọ̀hún, òun ló ń di ẹ̀yìn mú. Tí tìẹ bá ń bá a ṣiṣẹ́ ẹ̀, ṣé kò ní sùn lọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ta ló ráyè máa rákòrò bí ọmọ ọwọ́?"

"Ṣé o ti rí ọmọ ọwọ́ tó ní ẹ̀yìn ń ro òun rí?"

Mojírádé rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti fi awò-inú, ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn, wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó rí i pé iṣan abẹ́ ikùn òun ti tín-ín-rín bí òwú. Àmùrè kò fẹ́ orogún. Kí iṣan tó fẹ́ fà, òun á ti ṣáájú rẹ̀ fà, títí iṣan náà á fi sùn lọ. Mojírádé kò sọ fún ẹnì kankan.

Ohun tó ń dùn ún jù kì í ṣe èyí. Ìṣọ̀lá ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀já àti Àmùrè kò lè jọ gbé ìbàdí kan, kò sì lè bọ́ Àmùrè kó dúró, nítorí náà kò pọn ọmọ náà rí. Àwẹ̀ró, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń pọ̀n ọ́n. Nígbà tí Mojírádé wọlé ọkọ, tó fún àwọn ará ilé lórúkọ bí ìyàwó ṣe ń ṣe, Ìbàdí-Àrán ló sọ Àwẹ̀ró. Kò mọ̀ pé ìbàdí ọ̀hún lòun máa padà jowú. Àgbàlá Bàbá ni Àwẹ̀ró ń lọ láràárọ̀, ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ti ro ó rí, ó sì ti ń lágbára padà. Ìṣọ̀lá á ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ títí ohùn á fi há, àfi tó bá bọ́ sẹ́yìn Àwẹ̀ró, á sùn lọ fọnfọn. Owú jẹ Mojírádé gan-an.

Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìn tún ń fún òun díẹ̀, Mojírádé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìbàdí-Àrán, ẹ gba Àmùrè tuntun yìí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ máa jìyà nígbà tí mo wà nílé yìí."

"Ìyàwó wa, o ṣeun o! Ọlọ́run á dá a padà fún ẹ."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dè é mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi yé lọ sí àgbàlá, kò pẹ́ tó fi ká ọ̀já pamọ́. Ìṣọ̀lá wá ń ké lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Inú Mojírádé dùn, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kó dùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ìjì oòrùn jà, ìjì iná tó ń ti inú oòrùn wá pa ẹ̀rọ. Gbogbo Àmùrè ìlú kú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn sì ń ṣubú lulẹ̀ kiri Òkòtó. Mojírádé ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò lè gbé ìdí. Ìmọ́lẹ̀ ràn lára dígí ògiri, ó dára lójú ọmọdé, Ìṣọ̀lá bá ń rákòrò lọ síbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Dígí náà ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ́.

"Ìbàdí-Àrán! Ọmọ o!"

Àwẹ̀ró fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀. Ó gbá ọmọ mú, ó gbé e sókè, ó jù ú sórí ibùsùn. Mojírádé gbọ́ bí ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ṣe dún. Àwẹ̀ró ṣubú lulẹ̀, kò lè dìde mọ́.

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, Bàbá Láyíwọlá wá tẹ Àwẹ̀ró lẹ́yìn wò, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yìn tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe nìyí. Ta ló de Àmùrè mọ́ ọn?"

"Ìyàwó wa ni, Bàbá," Àwẹ̀ró dáhùn. "Àánú mi ló ṣe é."

Bàbá wo Mojírádé títí. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Sọ ohun tí mo kìlọ̀ fún ọ nípa Àmùrè fún un, tàbí kí n sọ ọ́."

Mojírádé yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìbàdí-Àrán, mo mọ̀ pé ó máa pa ẹ̀yìn yín. Mo mọ̀ kí n tó dè é mọ́ yín. Torí Ìṣọ̀lá ni."

Ìṣọ̀lá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn, ó ti rákòrò kọjá lórí ikùn ìyá rẹ̀, ó gbórí lé èjìká Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mú ọwọ́ ọmọ náà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó rọra tì í sọ́dọ̀ Mojírádé.

"Gba ọmọ rẹ."

Ìṣọ̀lá figbe ta, ó ń nawọ́ padà sí ibi tó ti wá. Mojírádé na ọwọ́ méjèèjì láti gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀.