Ìṣẹ́jú Mọ́kànlélógún Ìrun Àílà

Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, ó pẹ́ kó tó gbà á gbọ́. Àmọ́ ó ṣẹlẹ̀, ní Ìlọrin níbí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òòrùn wà lójú ọ̀run. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, n kò fi iyọ̀ sí i.

Ràúdátù lorúkọ obìnrin náà. Òun ni aṣáájú àwọn tó ń to mítà iná ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn àdúgbò Fate. Àwọn méjìlá ló máa ń tò jókòó nídìí tábìlì gígùn kan. Bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ inú mítà, á ti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Oníkálukú á fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó gbóná jó òjé tirẹ̀ mọ́ ọn, á sì tì í síwájú. Níparí tábìlì, ẹ̀rọ kan wà tó ń kà wọ́n. Ẹ̀rọ náà kì í ṣàwàdà.

Ọ̀tàlérúgba ni wọ́n ń ṣe lóòjọ́. Mítà òkè òkun sì ti kún ọjà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ wá fi àṣẹ ránṣẹ́: kí oṣù tó parí, kí ó di irinwó lóòjọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì dín kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á kó ẹ̀rọ lọ sí Ògùn, kí kálukú máa lọ sílé.

Ẹnjiníà Naeem, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ibẹ̀, pe Ràúdátù.

"Màdáámú, ẹ kọ orúkọ márùn-ún tó ń fà wá sẹ́yìn."

Ó kọ ọ́. Binta ará Gàmbàrí ló ṣe ìkarùn-ún.

Binta kì í ṣe ọ̀lẹ o. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló dán jù. Òun ló ń jó òjé mọ́ ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́rìnlélógún tó wà lára ọpọlọ mítà, iṣẹ́ tí ẹlòmíì ń sá fún. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni. Bó bá jó òjé tán, kò jẹ́ fi òsì na bọ́ọ̀dù sí ẹnikẹ́ni. Á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á gba bọ́ọ̀dù sí ọwọ́ ọ̀tún, kó tó nà án. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni ìwà ọmọlúàbí yìí ń gbà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ rí ìṣẹ́jú-àáyá méjì náà, kò rí ìwà. Ràúdátù rí méjèèjì, ó sì kọ orúkọ rẹ̀. Ojú ń tì í títí di òní.

Wọ́n lé àwọn márààrún, ó ku àwọn méje. Iṣẹ́ ò yá sí i. Bọ́ọ̀dù kàn ń wọ́ jọ síwájú àga kẹrin, àga Binta tó ṣófo, ni. Ẹ̀rù ìparí oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n.

Lọ́jọ́ Àtàláátà kan, wọ́n jáde lọ kírun Àílà ní mọ́sáláṣí inú ọgbà. Mùtíù, ọ̀kan nínú wọn tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ló kẹ́yìn jáde. Òun ló ti ilẹ̀kùn, òun náà ló ṣí i nígbà tí wọ́n dé.

Èéfín òjé ń rùn nínú yàrá. Gbogbo bọ́ọ̀dù iwájú àga kẹrin ló ti parí. Ràúdátù fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ṣì gbóná.

"Ta ló kù síbí?"

"Gbogbo wa la jọ kírun," Mùtíù dáhùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ wo áyọ́ọ̀nù."

Ọwọ́ òsì àga náà ni áyọ́ọ̀nù wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Iye bọ́ọ̀dù gòkè di ọ̀ọ́dúnrún. Ó kọjá bẹ́ẹ̀. Oníkálukú tẹjú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.

Ẹnjiníà Naeem fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ han Ràúdátù. Ìlà kan gùn sókè lójú rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Aago kan ààbọ̀ sí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn la ń ṣiṣẹ́ jù lọ lóòjọ́."

"Ẹ mọ ibi tí a máa ń wà nígbà yẹn, sà?"

Ó rọra pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má tú u."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìparí oṣù, Ràúdátù lọ sí Gàmbàrí. Binta wà lórí ẹní nínú pálọ̀. Ó ti gbẹ. Sadiya ọmọ rẹ̀ ń fi òróró pa á lọ́wọ́ òsì. Àmì iná kún orí ìka rẹ̀, kéékèèké, àwọn kan ti jiná, àwọn kan ṣì tutù.

"Kí ló jó yín, Àǹtí Binta?"

"Bí ládàánì bá ti pe Àílà, ọwọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kì í lè gbé e sókè fi kábárà bẹ̀rẹ̀ ìrun mọ́. Ó di ìgbà tó bá dáwọ́ dúró kí n tó kírun."

Ràúdátù fẹ́ tọrọ àforíjì. Kó tó la ẹnu, Binta ti ṣáájú rẹ̀.

"Mélòó lẹ ṣe lónìí?" Binta béèrè.

"Irinwó dín mẹ́rin."

"Ó ku mẹ́rin." Binta mi orí. "A ó ṣe é, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Orí Ràúdátù wú. Kò sun lóru náà. Bí wọ́n bá ń rí irinwó báyìí, obìnrin náà á jó tán. Bí wọn ò bá rí i, ilé méje lebi máa wọ̀, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti pinnu pé òun á dá a dúró.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ kírun, ó dúró sẹ́yìn. Ó yọ púlọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri. Ó jókòó sórí àga kẹrin. Fáànù ń yí. Ohùn ládàánì parí, gbogbo ibi pa lọ́lọ́.

Áyọ́ọ̀nù dìde lórí ìdúró rẹ̀. Èéfín yọ lẹ́nu rẹ̀, wáyà rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀.

Ràúdátù ki ọwọ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe irin lọwọ́ rẹ̀ bà. Ìka èèyàn ni, ìka obìnrin, ó gbẹ, òróró wà lára rẹ̀. Ó fún un mọ́wọ́.

"Ẹ sinmi, Àǹtí Binta. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákun, ẹ sinmi."

Ọwọ́ náà ń fà. Òun náà ń fà. Òógùn bò ó.

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Sadiya ni.

"Àǹtí Ràúdátù, màmá mi ní kí ẹ fi ọwọ́ àwọn sílẹ̀."

Ràúdátù ṣì di ọwọ́ náà mú.

"Wọ́n ń sunkún, Àǹtí. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ káwọn parí rẹ̀, kí ẹ̀yin méje má baà wá jókòó sílé bíi tàwọn."

Ràúdátù tú ọwọ́ rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù padà sídìí iṣẹ́. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó, omijé ń dà lójú rẹ̀, títí àwọn mẹ́fà fi dé. Kálukú lọ jókòó sáyè rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Mùtíù ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Irinwó ó lé mẹ́ta. Gbogbo wọn kígbe Alhamdulillahi. Ràúdátù náà la ẹnu, ó bá wọn wí i.