Jasenka, Onídùúró Bàbá Rẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo gbogbo oko málínà, èso pupa kéékèèké tí a ń tà, tó wà lẹ́yìn ilé wa débi pé a ò rí odò mọ́. Jasenka, ọmọ aládùúgbò mi, jókòó sílé ìdáná mi, ó di ife kọfí mú, kò mu ún. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níléèwé. Láti ìgbà òtútù ló ti ń fọkàn gbé inú ilé kékeré kan lórí òkè: ibí ni màá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, ibí ni màá ti máa wo òjò. Onílé ti fún un di ọjọ́ Sátidé kó fi mú owó tó fẹ́ fi rà á wá.

"Báńkì ò yá mi lówó," ó ní. "Wọ́n ní gbèsè tí wọn ò san wà lórúkọ mi. Èmi tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní dínárì kan."

"Gbèsè bàbá ẹ ni," mo fèsì. "Ṣebí orúkọ kan náà lẹ jọ ń jẹ́."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. N ò mọ nǹkan kan.

Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Svetislav, bàbá rẹ̀, yáwó gbin málínà, àti pé owó èso já wálẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí kò ti san kọ́bọ̀ fún báńkì.

Mo bá Jasenka lọ sọ́dọ̀ Radojka, obìnrin tó máa ń wá sí gbọ̀ngàn abúlé ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdè láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa owó yíyá. Ó gbọ́ àlàyé mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ta ló sọ ìyẹn fún yín? Gbèsè bàbá kì í dédé wọ àkọsílẹ̀ gbèsè ọmọ ní báńkì torí orúkọ. Jasenka, ṣé o fọwọ́ sí ìwé kankan?"

Jasenka ka ọdún lórí ìka rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn," ó ní. "Lẹ́yìn àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó ìdílé wa."

Èmi náà rántí. Àbẹ́là ń jó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé búrẹ́dì mímọ́, òórùn tùràrí gba inú ilé, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lálàá. Svetislav ní, "Ọmọ mi, ṣé wàá dúró fún mi ní báńkì?" Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń sọ pé rárá fún baálé ilé lọ́jọ́ yẹn, lójú àlejò? Èmi gan-an ni mo tún ń sọ pé, "Dá a lóhùn kíá, ọmọ, ọbẹ̀ ń tutù." Jasenka gbà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ fọwọ́ síwèé láìkà á.

"O ti di onídùúró nìyẹn," Radojka ní. "Bí bàbá ò bá san, ìwọ ni wọ́n máa bá. Owó tí wọn ò san sì ń wọ àkọsílẹ̀ tìẹ náà."

"Ṣé mo lè yọ orúkọ mi?"

"Àfi tí báńkì bá gbà. Ìwọ àti bàbá, ẹ jọ lọ bá wọn, kí wọ́n dín owó oṣooṣù kù, kí wọ́n fi kún àsìkò. Tí wọ́n bá ń san déédéé, àkọsílẹ̀ ẹ á máa dára díẹ̀díẹ̀."

"Sátidé ńkọ́?"

"Kò lè bá Sátidé, ọmọ mi."

Nígbà tí Svetislav gbọ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wojú ọmọ rẹ̀. "Mo rò pé orúkọ lásán ni wọ́n fẹ́," ó ní.

"Bàbá, ilé mi ni wọ́n gbà," Jasenka dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Fráídè, wọ́n jọ lọ, báńkì sì gbà láti tún owó náà pín. Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya kan láti ìlú gba kọ́kọ́rọ́ ilé orí òkè. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Ẹ̀yin ọmọ, gbèsè òbí tó wà láàyè kì í ṣe tiyín, àfi tí ẹ bá bá wọn yá a tàbí tí ẹ ṣe onídùúró. Ẹ máa yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò lọ́dọọdún. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè iye tí ẹ máa san bí ẹni náà ò bá san. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bèèrè irú nǹkan yìí lójú àlejò. Bí ọmọ bá sì ní, "Ẹ jẹ́ kí n kà á ná," kò rí yín fín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ti tábìlì bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́, kí ọmọ náà ráyè ronú.