Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣàìsàn

Òwúrọ̀ Sátidé kan báyìí ni, òwúrọ̀ bí gbogbo òwúrọ̀. Télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Téèpù ìwọṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, níbi tí ó máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé, òun ló máa ń bá a bọ́ ọ kúrò bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, tí á máa ṣẹ̀fẹ̀ pé oúnjẹ kì í ṣe oníbàárà, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti di olóògbé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Télọ̀ ń bá téèpù sùn tí ó ń bá a jí.

Ọkùnrin tí kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ láìjẹ́ pé ó ti wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí dunni.

Kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀ wà ní igun yàrá, lórí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Obìnrin náà fi ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń gbà á sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́ nígbà tí ó bá dàgbà, àwọn orin tí kò mọ ìparí wọn, àti ẹ̀rín rẹ̀ tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Kò síbòmíràn tí ohùn náà wà. Ọmọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Sísí, a máa jókòó tì í ní ọjọ́ ìsinmi láti gbọ́ ọ. Télọ̀ kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó ní òun máa gbọ́ ọ bí ọkàn òun bá rọlẹ̀.

Láti ìgbà ìsìnkú, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ni ọ̀rọ̀ Sísí kù sí. Nítorí náà, nígbà tí ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ó ní, "Bàbá, géèmù kan wà tí mo fẹ́," ńṣe ni Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń pàdé nínú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan á la títì, ẹnì kan á gbé afárá sórí odò, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ti fi apá kan ìlú náà sílẹ̀ dè é. Ìgbà tí Sísí sọ ìyẹn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ rí i. Bí géèmù náà bá wà lórí òṣùpá, á gun àkàbà lọ mú un.

Ṣùgbọ́n Sísí fi hàn án pé ẹni tó ń tà á kọ ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gbé e. Ohun àkọ́kọ́ ni pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú. Wọ́n ní ó kéré tán, kó jẹ́ i5-8400, ìran kẹjọ, eré rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yára tó, 2.8. Wọ́n wo ti ilé. i7-2600 ni, eré rẹ̀ 3.4, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí tó bá a wá pé ìran kejì ni.

Wọ́n ń wo nọ́ńbà, nọ́ńbà ń wò wọ́n. Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n bá wọn, tí ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ yìí, òun ló ń parí ìjà fún gbogbo ẹbí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í rí ẹjọ́ dá nínú rẹ̀. Ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Méje àti márùn-ún, èwo ló jù?"

Télọ̀ ní méje ni.

"Mẹ́ta lé díẹ̀ àti méjì lé díẹ̀ ńkọ́?"

"Mẹ́ta náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó wá ku ìran. Ẹni tí wọ́n bí ṣìkejì àti ẹni tí wọ́n bí ṣìkẹjọ, ta ló máa gbé àpò fún ta?"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Àbúrò ló ń gbé àpò, sà."

"Ẹjọ́ parí. Ẹ̀gbọ́n pátápátá lẹ̀rọ tiyín jẹ́ fún èyí tí wọ́n ń béèrè. Ra géèmù fọ́mọ."

Sísí rọra ní bóyá kí òun kọ́kọ́ bi Àǹtí Kékeré. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Kékeré, ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan lápá kejì ìlú. Ẹ̀gbọ́n wò ó lókè awò ojú, ó bi í bóyá Àǹtí Kékeré ló máa kọ́ òun ní ìṣirò. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Sísí. Kò bi Àǹtí Kékeré mọ́.

Wọ́n ra géèmù, wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí, ìlú náà sì yọ pẹ̀lú àwọn ilé gogoro rẹ̀. Sísí tẹ̀ ẹ́ kó rìn, ìlú dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìlú fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tì nínú oorun. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gùlegùle. Afárá tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ́ parí, òpó kan péré ló tíì yọ lójú tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ń fà wọ́n sẹ́yìn, pé bí kò bá rí ẹ̀rọ rẹ̀ tún ṣe kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ló máa gba àyè rẹ̀. Sísí pa á. "Kò burú," ló wí, ó sì padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

Orí Télọ̀ dàrú. Báwo ni méje ṣe máa kùnà ibi tí wọ́n ti ní kí márùn-ún wá? Ó nu eruku, ó pààrọ̀ ibi tí iná ti ń wọlé, ó gbé fáànù tì í, ó bá àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì jà lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ já sí pàbó. Ó wá dà bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ṣùgbọ́n tí kò yí.

Ó pe Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ní bí nọ́ńbà bá pé tí iṣẹ́ kò lọ, àìsàn ni, fáírọ́ọ̀sì ti wọ ẹ̀rọ náà lára, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ tí Sísí wà nílé-ìwé, Télọ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ títí ó fi rí i. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kí òun pa àwọn fáìlì rẹ̀ mọ́ tàbí kí òun kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó tún pe Ẹ̀gbọ́n.

"Ṣé èèyàn máa ń fọ ìlàjì aṣọ ni?" Ẹ̀gbọ́n ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọkàn Télọ̀ lọ síbi ohùn náà. Ó dúró. Ṣùgbọ́n ó rántí pé nígbà tí òun pààrọ̀ fóònù, gbogbo fọ́tò òun fúnra wọn ló padà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé ibi tí gbogbo nǹkan ń wà nìyẹn láyé ìsinsìnyí. Kọ̀ǹpútà bi í lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ó gbé géèmù padà sórí rẹ̀, kí ọmọ lè bá a nílẹ̀, kí inú rẹ̀ dùn.

Sísí dé, ó ṣí géèmù. Ìlú tún ń wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó pa á, ó wá ibi kan nínú kọ̀ǹpútà, kò rí i, ó tún un wá. Ó yí ojú padà.

"Bàbá, ohùn Màmá ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Ìbéèrè tó rọrùn ni. Télọ̀ mú fóònù, ó pe Àǹtí Kékeré.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àǹtí Kékeré dé. Kí ó tó jókòó ló ti fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tàn án mọ́. Ó tú ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó gbé wá, ó sì jẹ́ kí ìyẹn máa wá ohun tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n náà ti dé, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Télọ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó ní ohun tí kò yé òun títí di ìsinsìnyí ni bí ẹ̀gbọ́n ṣe kùnà iṣẹ́ àbúrò.

"Bàbá Sísí, ẹ̀rọ yìí ò ṣàìsàn rárá," Àǹtí Kékeré ní. "Ó dàgbà ni. Méje yẹn àti márùn-ún yẹn, ipò láàárín ọmọ ìran kan náà ni. Ẹ ò lè fi méje ìran kan wé márùn-ún ìran mìíràn. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹgbẹ̀rún méjì lé ni tiyín, ìran kejì nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé ni tiwọn, ìran kẹjọ. Bó bá di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sókè, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lẹ máa kà."

Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí òun ṣáà wí náà nìyẹn, pé èkejì ló ṣáájú.

"Ó ṣáájú lóòótọ́, sà. Nínú ẹbí, ẹni tó ṣáájú là ń bọ̀wọ̀ fún. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tí wọ́n bí gbẹ̀yìn ló lágbára jù, torí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lára àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é."

"Eré ńkọ́? Tiwa ló yá jù," Télọ̀ ní.

Àǹtí Kékeré na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bi í pé bí ẹ̀rọ àtijọ́ bá ń sáré ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n tí tuntun ń rán ojú méjì níbi tí àtijọ́ ti ń rán ọ̀kan, èwo ló máa kọ́kọ́ parí ṣòkòtò? Ó yé Télọ̀. Àǹtí Kékeré fi kún un pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ọpọlọ ti ilé, mẹ́fà ló wà nínú èyí tí géèmù béèrè. Ó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ń ṣe pùrósẹ́sọ̀, wọn kì í sì í ka nọ́ńbà bákan náà. Nítorí náà, ohun tó dáa jù ni kí èèyàn kọ orúkọ méjèèjì ní kíkún sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó wo ohun tí àwọn tó ti dán wọn wò sọ. Kí ó sì wo mẹ́mórì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé, àti káàdì àwòrán tó ń ya ohun tí ojú ń rí pẹ̀lú, torí ọpọlọ nìkan kọ́ ló ń gbé ẹrù.

"Ẹni tó ń ta géèmù náà lè gbà á padà bí kò bá tíì pẹ́ tẹ́ ẹ rà á," ló ní. "Èyí tẹ́ ẹ fọ̀ yìí ni mi ò mọ̀. Ká ní ẹ fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, ì bá sàn. Géèmù tẹ́ ẹ tún gbé lé e tóbi, orí ibi tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ló lọ jókòó sí."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. Wọn kò gbọ́ ọ rí kí ó ní òun ṣì í, ṣùgbọ́n ó ní, "Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́." Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ìgbà tí ẹ̀rọ Àǹtí Kékeré ṣe tán, orúkọ fáìlì ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n inú wọn ti bàjẹ́. Ó ṣí ọ̀kan, ariwo bíi ti òjò. Ó ṣí òmíràn, òjò. Àwọn ìmọ̀ràn ti lọ, àwọn orin ti lọ. Fáìlì kékeré kan ló kù tó ṣì pé, èyí tí ìyá Sísí kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ wò. Sísí jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Télọ̀ kò lè sọ mọ́ pé kí ọkàn òun rọlẹ̀ ná.

"Ṣé ó ti ń gbà á?" ohùn náà ní. Ó wúkọ́ díẹ̀. "Sísí, lọ pe bàbá ẹ wá kóun náà sọ̀rọ̀ sí i. Kó bọ́ téèpù ọrùn ẹ̀ kó tó wá o." Ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ láti imú tẹ̀ lé e, ó sì tán.

Sísí ní lóòótọ́ ni òun pe Bàbá lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Bàbá ní kí òun jẹ́ kí ó rán apá aṣọ kan parí ná. Télọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó sì dì í mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ilé yín náà ní ẹ̀rọ kan tó dàgbà. Kẹ́ ẹ tó ra ohun tó máa gbé, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ tán, kí ẹ wo ìran rẹ̀, kí ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ ọmọdé. Bí ẹ̀rọ bá ń wọ́, ẹ má sáré pè é ní aláìsàn. Ohun tí ẹ kò lè rà padà tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, lónìí. Nígbà tí wọ́n bá bi yín lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá yín lójú, tí kò sì dá yín lójú, ẹ gbọ́wọ́ kúrò.