Ilé Tí Bíríkìlà Kọ́ Fún Ara Rẹ̀

Nígbà tí obìnrin aránṣọ kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá ògiri ilé bàbá aránṣọ, ó ń fọwọ́ ko yẹ̀pẹ̀ bo àpótí irin kékeré kan bí ẹni ń sin òkú ológbò. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ya lábẹ́ apá.

"Ta lẹ̀ ń kí nísàlẹ̀ yẹn?"

"Ilẹ̀ ni. Ibi ìfọ́kúta ló rán mi wá. Tí wọ́n bá yin ẹ̀tù sí àpáta, ẹ̀rọ yìí á sọ bí ilẹ̀ ilé yín ṣe mì tó."

"Kò sọ fún yín pé aṣọ yín ti ya?"

Ọkùnrin náà wo abẹ́ apá rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ bá a rán an. Ó sọ ọ́ ní Aletílẹ̀ torí pé ilẹ̀ ló ń tẹ́tí sí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Gbogbo ìgbà tó bá wá wo ẹ̀rọ ni bọ́tìnnì kan máa ń já. Aránṣọ mọ̀ pé ṣe ló ń fọwọ́ já a, ó sì ń gán an.

Inú bàbá aránṣọ dùn sí i. Bíríkìlà ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí òpópónà tí kò kọ́lé sí ládùúgbò. Aletílẹ̀ bi í pé kí ló fi kọ́ tirẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá fi kọ́lé ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n máa yìn.

"Búlọ́ọ̀kù ni. Kí tún ni bíríkìlà á fi kọ́lé ara rẹ̀?"

Amọ̀ ni. Aránṣọ àti ìyá rẹ̀ tó ti kú ló pọn omi tí wọ́n fi pò ó. Nígbà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tán, tí wọ́n kùn ún, ojú ayé ò mọ̀ mọ́. Aránṣọ gbọ́ ohun tí bàbá sọ, ó dákẹ́. Kò fẹ́ kí ọkùnrin tó wù ú rí ìhòòhò ilé wọn.

Wọ́n ń yin ẹ̀tù, ògiri ń sán. Bàbá ń fi ọ̀dà bo ojú ibi tó sán. Nígbà tí èékánná aránṣọ wọnú ọ̀kan nínú ibi tó sán náà, ẹ̀rù bà á, ó sọ fún Aletílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ilẹ̀ ò mì kọjá ohun tí búlọ́ọ̀kù lè gbà," Aletílẹ̀ ní.

"Amọ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi. Amọ̀ ni gbogbo ẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Bó bá jẹ́ bàbá tìẹ, ṣé wàá sọ?"

Ọ̀gá ibi ìfọ́kúta bá Aletílẹ̀ wá sílé. Ó ní bó bá jẹ́ amọ̀, àwọn á dín ẹ̀tù kù, ihò ẹ̀tù kan á máa bú tẹ̀ lé òmíràn, kí gbogbo agbára má baà dé bá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbẹ́ ògiri wò.

"Ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́ ilé mi!" Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, kí ni mo fi kọ́lé yìí?"

Aránṣọ wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ, gbogbo ìka ti rí kókó.

"Búlọ́ọ̀kù ni, bàbá."

"O ti gbọ́," ni ọ̀gá wí fún Aletílẹ̀. Aletílẹ̀ wo aránṣọ títí, ó sì tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n máa yin ẹ̀tù ńlá, àwọn tó ń gbé ilé amọ̀ ni wọ́n ní kó jáde. Bàbá, tó ti ní búlọ́ọ̀kù ni tòun, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ògiri wó lé e níbàdí.

Yàrá kan ni aránṣọ àti bàbá wá háyà lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá ò mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ mọ́. Kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbọ́ lọmọ pa, kò mọ ibi tí ìbínú á ti bẹ̀rẹ̀.

Aletílẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ, bàbá."



"Máa lọ," ni aránṣọ wí. "Ẹnu mi ló wó ilé náà. Ìṣojú ẹ ni mo parọ́. Kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

"Inú ń bí mi. Kò ní tán lónìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n má wá."

"Mi ò lè fi bàbá sílẹ̀."

"Ta ló ní kóo fi wọ́n sílẹ̀?"

Ó tó àsìkò láti yí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Aránṣọ nìkan ló ti ń ṣe é, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń dùn ún. Aletílẹ̀ mú èjìká, aránṣọ mú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e kọjú sí ògiri. Wọ́n gbọ́ tó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Aletílẹ̀ na ọwọ́ kọjá ẹ̀yìn bàbá, ó di ọwọ́ aránṣọ mú.

"Ṣé o gbà?"

"Mo gbà." Kò rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ẹrù ló ṣe gbà á.

"Ẹ yí mi padà," ni bàbá wí sínú pílò. "Mi ò fẹ́ wo ògiri."

Aránṣọ sáré nawọ́ sí i.

"Kì í ṣe ìwọ nìkan," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin méjèèjì."