Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Orí Ilẹ̀ Tí Ń Mí

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Òṣogbo, kò sí ẹni tí ó jókòó sílé àfi arọ àti ẹni tí ó ń rọbí. Àwọn aláró fi ìkòkò aró wọn sílẹ̀, wọ́n sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tí ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ìjòyè gun ẹṣin nínú ẹtù àti sányán, àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n fá apá kan orí, sì ń la ọ̀nà fún wọn. Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí láàárín igi, lẹ́yìn náà ni irin náà ké, tí ilẹ̀ sì mì. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, àwọn tí ó dé àti àwọn tí ó wá wòran dà pọ̀ mọ́ ara wọn, gbogbo ọ̀nà sì kún fún ẹsẹ̀.

Ìyá arúgbó kan dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé tí ó ń gbé, ó ń wo èrò náà. Mọ́rìnọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà. Ó rí ẹrù lórí wọn, ó rí ọmọ lẹ́yìn wọn, ó sì yí padà wọlé. Ó di aṣọ kíjìpá rẹ̀ kan mọ́ ìkòkò kékeré kan, ó gbé e ka orí. Nígbà tí Adéjọbí ọmọ rẹ̀ fi padà dé láti ibi ìwòran, inú oko kókò tí ó wà lẹ́yìn ilé ni ó ti bá a, tí ó ń wá ọ̀nà igbó. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bi í: "Ta ni ó tún ń lé wọn?"

Adéjọbí gba ẹrù náà lórí rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọmọ ọwọ́ ni òun fúnra rẹ̀ nígbà tí ogun Ìbàdàn kó Iléṣà, tí iná jó agbo ilé wọn, tí bàbá rẹ̀ kú sí ẹ̀yìn odi. Ìyá rẹ̀ gba inú igbó sá dé Òṣogbo, níbi tí ìbátan kan ti fi í pamọ́. Ogun Kírìjì jà, ó sì tán, àwọn Ìjẹ̀ṣà padà sílé láti ibi gbogbo, wọ́n tún ògiri mọ. Mọ́rìnọ́lá kò bá wọn lọ. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ wò níbẹ̀ bí kò ṣe eérú.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé ọkọ̀ ojú irin fún un tán, ojú tì í, ó sì sunkún. Ó búra lọ́jọ́ náà pé òun kò tún ní gbé ẹrù ka orí láti sá mọ́ láyé òun, pé ibi tí òun bá jókòó sí ni kí ohun tí ó bá ń bọ̀ wá bá òun. Ọ̀rọ̀ náà dun Adéjọbí dé egungun. Òun náà ṣe ìlérí tirẹ̀. Ó ní òun yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún un, kí ó lè máa rí ohun tí ń bọ̀ láti òkèèrè, kí ó sì mọ̀ bóyá ogun ni tàbí ọkọ̀ ojú irin.

Oníṣòwò aṣọ ni Adéjọbí, irú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ wọ abúlé tí ẹlòmíràn kò mọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tó ẹnu dáadáa. Àwọn ènìyàn Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ aláró ní Òṣogbo, ni ó fún un ní ilẹ̀. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà odò. Ní apá òkè rẹ̀, àpáta yọ orí láàárín koríko. Ní apá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni, ilẹ̀ tí ó tutù tí ó sì ń dán, kò sì sí ohun tí ìdílé Làbákẹ́ gbìn síbẹ̀ rí ju kókò lọ. Bàbá Làbákẹ́ mú àna rẹ̀ rìn káàkiri ibẹ̀, ó sì sọ fún un pé kí ó kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní Ọ̀ṣun ń mí lábẹ́ ilẹ̀ dúdú náà: bí òjò bá dé, yóò mí sínú, ilẹ̀ yóò wú, bí ọyẹ́ bá dé, yóò mí síta, ilẹ̀ yóò sì là.

Adéjọbí dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ti ń rẹ́rìn-ín fún àna. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń lọ ní tirẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní bí iṣẹ́ bá ti le jù fún ará Òṣogbo, orí Ọ̀ṣun ni yóò gbé e kà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìjẹ̀ṣà tí ó lówó lọ́wọ́? Ó fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó fẹ̀, tí ó kọjú sí ọ̀nà irin, àpáta náà kò sì tó ju ìlàjì rẹ̀ lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Béjidé, mọlémọlé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Iléṣà nígbà náà. Béjidé dé pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ mú jù, nítorí ìgbà náà ni ògiri ń tètè gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Iléṣà kò le: gbẹ́ ẹ títí ọkọ́ yóò fi ké, ibi tí ó bá ti ké ni kí o dúró. Ní apá òkè, ọkọ́ ké kí wọ́n tó gbẹ́ dé orúnkún. Ní apá ìsàlẹ̀ náà, ọkọ́ ké. Ọyẹ́ ti sun ilẹ̀ dúdú náà títí ó fi le koránkorán, ọkọ́ sì ń ta padà lára rẹ̀. Béjidé tẹ́tí sí i, ó mi orí pé ó tó. Níbi tí wọ́n ti bí i, ilẹ̀ tí ó bá ké báyẹn, àpáta ni. Ẹnì kankan kò da omi sí i wò.

Ilé náà gòkè. Wọ́n mọ ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n ń jẹ́ kí ipele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀, páànù tí ọkọ̀ ojú irin kó dé ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì fi ẹfun kùn ún títí ó fi ń tàn láàárín ewé. Yàrá Mọ́rìnọ́lá wà lókè ní ìhà àpáta, pálọ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà lókè ní ìhà odò, ilẹ̀kùn kan ni ó wà láàárín wọn. Wọ́n ń pe Adéjọbí ní Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a jókòó sí ojú fèrèsé nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Bí ọkọ̀ irin bá ké, a kí i pé ó kú àárọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ni ó mú ìlà kan wá sí ara ògiri, tín-ín-rín bí irun. Wọ́n fi amọ̀ dí i. Nígbà ọyẹ́, ìlà náà pa dé fúnra rẹ̀. Nígbà òjò, ó tún là. Ilẹ̀kùn ìhà odò a máa wọ inú férémù rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òjò bá ti rọ̀, ènìyàn yóò fi èjìká tì í kó tó tì. Mọ́rìnọ́lá ní òun ń gbọ́ tí ilé ń mí kanlẹ̀ ní ìdájí. Kò bà á lẹ́rù. Ó ní ilé tí ń mí sàn ju kí òun nìkan dá wà lọ.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni ó ń le sí i. Òjò ọdún kan wá rọ̀ tí Ọ̀ṣun fi kún dé ìdí oko kókò. Ìlà náà ya láti ilẹ̀ dé òrùlé, ní ibi tí àpáta ti pàdé ilẹ̀ dúdú gan-an, ọwọ́ sì lè wọ inú rẹ̀. Alángbá ń gbà á kọjá. Wọ́n tún pe Béjidé. Ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri ìhà odò, ó bu erùpẹ̀ dúdú náà, erùpẹ̀ náà sì yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "etí ni mo fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ yìí, ìgbà ọyẹ́ ni mo sì tẹ́tí. Ìhà odò ń lọ. Àjà àti òrùlé ló so ó mọ́ ìhà kejì. Bí ó bá wó, á fa tọ̀hún lọ́wọ́. Ẹ gbé Yèyé kúrò níbẹ̀."

Adéjọbí gòkè lọ bá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà ń mu ẹ̀kọ, ó sì mu ún tán kó tó fèsì.

"Mo gbé ọ sá kúrò nínú iná," ó ní. "Mo sá fún Ìbàdàn, mo sá fún ebi, mo sá fún ọkọ̀ irin tí kò bá mi jà. Ulé tí ìwọ ọmọ mi kọ́ fún mi, ṣé mo tún ní láti sá kúrò nínú rẹ̀? N ò sá mọ́."

Làbákẹ́ ní kí àwọn ọkùnrin gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ń sunkún. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n Adéjọbí kò gbà. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fi ipá gbé kúrò nínú yàrá rẹ̀, ẹrú ogun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni ó gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí ilé náà ká nínú òjò wínníwínní, ó ń fi ọwọ́ pa ẹfun ara rẹ̀. Ó fẹ́ràn ilé náà. Lẹ́yìn náà ni ó bi Béjidé léèrè bóyá, bí àwọn bá fi ọwọ́ ara àwọn wó ìhà odò kó tó wó fúnra rẹ̀, ìhà àpáta yóò dúró. Béjidé wo ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ní yóò dúró, ilẹ̀ ti fi ibi tí àwọn yóò gé hàn wọ́n.

Adéjọbí ni ó kọ́kọ́ gun òrùlé tí ó ṣí páànù àkọ́kọ́. Gbogbo Òṣogbo wá wòran. Wọ́n ní ẹ wo Ìjẹ̀ṣà tí ń wó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò tíì gbó, ìyá rẹ̀ sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń ran òwú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Adéjọbí sì ń ṣí páànù lọ. Wọ́n fi ayùn gé igi àjà lójú ìlà náà, wọ́n sì ń wó ògiri ní ipele ní ipele, bí wọ́n ṣe mọ ọ́n. Ògiri tí ó kẹ́yìn kò dúró dè wọ́n. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tán ni ó tẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ó sì sùn sínú kókò. Ìhà kejì gbọ̀n, eruku bò ó, nígbà tí eruku sì lọ, ó wà níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ́rìnọ́lá ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. Kò sí pálọ̀. Ìkùukùu funfun ni ó wà níbi tí àga ọmọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ohùn odò sì ń ti abẹ́ rẹ̀ wá. Ó di férémù mú, ó dúró. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìkùukùu náà, ó rí orí igi, lẹ́yìn igi ó rí òkè, aláwọ̀ aró, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Fèrèsé tirẹ̀ kò kọjú síhà yẹn rí. Ó wò ó títí ìkùukùu fi tán lórí odò.

Adéjọbí wà nísàlẹ̀, nínú àwókù, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Adéjọbí, ọ̀nà ibo ni yẹn?"

"Ọ̀nà Iléṣà ni, Yèyé."

Ìyá náà wo igi tí wọ́n gé, ó wo ẹfun tí ó ti di ẹrẹ̀. "Ṣé nítorí mi ni o ṣe wó o?"

"Nítorí yín ni."

"Ìwọ ṣeun," ó ní. "Mò ń re ulé."

Adéjọbí rán an létí ìbúra rẹ̀, pé ó ní òun kò ní sá mọ́.

"Ẹni tí ń sá kì í mọ ibi tí ó ń lọ," ni ìyá rẹ̀ fèsì. "Èmi mọ ibi tí mò ń lọ."

Adéjọbí fẹ́ sọ fún un pé nítorí rẹ̀ ni òun ṣe kọ́ ilé náà, nítorí rẹ̀ náà ni òun ṣe wó o, pé ta ni yóò wá gbé ìyókù. Ó fẹ́ di ìró rẹ̀ mú bí ọmọdé. Kò ṣe é. Ó lọ fọ ẹsẹ̀, ó sì wá bàtà rẹ̀ jáde fún un. Làbákẹ́ ni ó sunkún, kò sì fi pamọ́.

Ìlàjì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wà níbẹ̀ títí di òní, yàrá kan lókè, yàrá kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan lókè tí ó ṣí sí ojú ọ̀run. Ibẹ̀ ni Adéjọbí gbé títí ó fi darúgbó, tí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Àwọn tí ń kọ́lé sí Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́bàá Òṣogbo lónìí ń gun ọ̀kadà kọjá lẹ́bàá rẹ̀, bíríkìlà wọn sì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ nínú ọyẹ́, ó ń tẹ́tí sí ṣọ́bìrì. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Garawa omi kan tí a dà sí ìpìlẹ̀ wò kò tíì sọ onílé di akúṣẹ̀ẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n lọ́nà Iléṣà, ìyá àti ọmọ ń rìn. Wọ́n fẹ́ fi àkéte gbé e, ó kọ̀. A rìn díẹ̀, a jókòó díẹ̀, a gbé ojú sókè wo òkè bóyá ó ti sún mọ́. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ ìlú. Mọ́rìnọ́lá kò mọ ògiri kankan mọ́, nítorí àwọn tí ó padà bọ̀ lẹ́yìn ogun ni ó kọ́ wọn. Àpáta pẹrẹsẹ tí ó wà lójúde bàbá rẹ̀ ni ó mọ̀, tí iná kò rí nǹkan ṣe fún. Bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Gbádéyan jókòó sórí rẹ̀, ó ń yá oòrùn. Ó kí àwọn àlejò náà kú ìrìn, ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ta ni wọ́n ń wá.

Mọ́rìnọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ orí àpáta náà.

"N kò wá ẹnì kankan," ó ní. "Mọ́rìnọ́lá ni mí, ọmọ ulé yìí. Mo kàn pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ni."